Kọmíṣọ̀n 1,875 náírà lórí mọ́tò Ìyá Elélùbọ́

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, nǹkan bí aago mẹ́jọ ni fóònù mi dún, òjò ṣì ń rọ̀. Orúkọ tó jáde lójú ẹ̀ ni "Sienna Bódìjà 3". Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi nọ́ńbà Ìyá Elélùbọ́, tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, pamọ́, torí lọ́jọ́ tí mo ta ìwé ìnṣọ́ránsì fún wọn, mi ò bèèrè ju nọ́ńbà mọ́tò àti orúkọ tó wà lórí pátíkúlà lọ.

"Ọmọ mi, mo ti kọ lu jíp olówó kan nídìí o. Sàmọ́ńdà ni mo wà. Ó ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo ta ìwé fún mi, jọ̀ọ́, máa bọ̀."

Kí n má purọ́, ìṣirò ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe àánú. 15,000 náírà ni wọ́n san. Ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ilé-iṣẹ́ tí mo ń ṣojú fún ń fún wa lórí mọ́tò. 1,875 náírà nìyẹn, kí owó orí tó bu tiẹ̀ níbẹ̀. Mọ́níyà ni mo ń gbé. Ọ̀kadà tó bá máa gbé èèyàn láti Mọ́níyà dé Sàmọ́ńdà lálẹ́, nínú òjò, kò ní gba ohun tó dín ní 2,000. Kí n tó débẹ̀ kí n kí wọn pé ẹ kú ewu, owó tí mo jẹ lórí wọn á ti tán, màá sì ti fi tèmi kún un.

Mo lọ ṣá. Ohun tí mo bá níbẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e fún bí oṣù mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí àwa ejẹ́ntì máa ń bá ara wa fà nìyí: oníbàárà tí èrè orí ẹ̀ kò ju owó búrẹ́dì ńlá kan lọ, ṣé ó yẹ kéèyàn máa sáré kiri nítorí ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ọdún 2023 tó wọlé, 5,000 náírà ni ìnṣọ́ránsì tí gbogbo wa ń pè ní "third party" fún mọ́tò àdáni. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, ti sọ ọ́ di 15,000. Wọ́n sì gbé iye tí ilé-iṣẹ́ lè san lórí ohun-ìní ẹlòmíràn tí mọ́tò bá bà jẹ́ kúrò ní mílíọ̀nù kan lọ sí mílíọ̀nù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò rà á síbẹ̀síbẹ̀. Wọ́n á kó owó pátíkúlà fún àwọn ọmọ tó máa ń dúró lẹ́nu ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, wọ́n á gba bébà tó ní òǹtẹ̀ mèremère, ó parí. Irú ẹ̀ ni Ìyá Elélùbọ́ ń rà ní 5,000, lẹ́yìn tí iye ẹ̀ ti di 15,000. Nígbà tí mo fi nọ́ńbà mọ́tò wọn wá a lórí askniid.org, níbi tí ojúlówó ìwé mọ́tò ti máa ń jáde, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mọ́tò wọn kò ní ìnṣọ́ránsì rárá, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó.

Ọlọ́pàá ló lé wọn wá bá wa. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025 ni wọ́n ní àwọn á máa yẹ ìwé third party wò lójú pópó káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn tó máa ń ní kí n máa lọ tí mo bá kí wọn ló ń pè mí padà. Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo tà nínú ọjà Bódìjà àti àyíká ẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún. 58,125 náírà ni kọmíṣọ̀n gbogbo ẹ̀. Owó kékeré ni tó bá jẹ́ ẹyọ kan, àmọ́ tó bá pọ̀ tó sì yá, ó dùn ún kó. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì fi lè yá ni kéèyàn má jókòó ti ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó kan Ìyá Elélùbọ́, kóńgò wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wọn ọjà fún ẹnì kan. Wọ́n na pátíkúlà sí mi pẹ̀lú ọwọ́ tí èlùbọ́ ti bò, wọ́n ní kí ọmọọṣẹ́ wọn lọ fi owó ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ oní-POS. Mo ya fọ́tò pátíkúlà, mo tẹ nọ́ńbà sórí fóònù, ìwé jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó pọ̀ jù márùn-ún. Bí mo ṣe ń yí ẹ̀yìn padà ni wọ́n bi mí pé, "Ṣé tí nǹkan bá ṣe mọ́tò yìí, wọ́n á tún un ṣe?"

Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má dààmú mà, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé."

Mo ti ro gbólóhùn yẹn títí. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé lóòótọ́, títí kan pé third party kì í tún mọ́tò ẹni tó rà á ṣe, ti ẹni tó bá kọ lù ló ń tún ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà wínníwínní, obìnrin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ kò sì mọ̀wé kà.

Nígbà tí mo fi máa dé Sàmọ́ńdà, wọ́n ti kó gbogbo wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Orí bẹ́ǹṣì ni mo bá Ìyá Elélùbọ́, aṣọ wọn rin gbindingbindin, ọmọọṣẹ́ wọn jókòó tì wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: wọ́n ń ti Bódìjà lọ sílé ní Àpẹ̀tẹ̀, jíp iwájú tẹ búréèkì lójijì, ilẹ̀ ń yọ̀, Sienna wọn sì wọ̀ ọ́ nídìí. Bọ́ńpà ẹ̀yìn jíp, iná ẹ̀yìn kan àti ìlẹ̀kùn búùtù ló bà jẹ́. Ti Sienna, bónẹ́ẹ̀tì ti ká sókè bí ẹnu abọ́ tó fọ́, iná iwájú méjèèjì sì ti lọ.

Ìwé kan wà lórí tábìlì ọlọ́pàá. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé Ìyá Elélùbọ́ gbà pé àwọn ló jẹ̀bi àti pé àwọn á san 650,000 náírà fún oníjíp láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún ti ka 50,000 nínú owó ọjà ọjọ́ yẹn fún un kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Mo ní, "Mà, kí ló dé tí ẹ tẹ̀ka sí i?"

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ìwọ ò kúkú sọ fún mi pé kí n má tẹ̀ ẹ́."

Ẹni tí kò bá ti iṣẹ́ yìí jẹ lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Májẹ̀mú kan wà nínú ìwé ìnṣọ́ránsì mọ́tò, ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ilé-iṣẹ́: tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, oníbàárà kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi, kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí owó, kò sì gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Ìdí ẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ ló máa sanwó, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun dá iye lé e. Ìyá Elélùbọ́ ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó dé. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni ì bá dá wọn dúró: ẹ ya fọ́tò, ẹ má tẹ̀ka sí nǹkan kan, ẹ pè mí. Mi ò sọ ọ́ ní oṣù Kejì torí pé ẹlòmíràn ń dúró dè mí níwájú ìsọ̀ aláta.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ọ́fíìsì lọ ní Dùgbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gba kíléèmù, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń béèrè owó òfò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ka ìwé àdéhùn náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Oníbàárà yín ti dá ara wọn lẹ́jọ́, wọ́n tún ti bá wa díye lé e." Kò sọ pé wọn ò ní í san. Ó kàn ní kí n lọ mú ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, fọ́tò, ìwé ẹ̀rí awakọ̀, fọ́ọ̀mù kíléèmù àti ìdíyelé panẹ́lì-bítà wá, àwọn á rán ẹni tó ń wo òfò láti lọ wò ó.

Ibẹ̀ ni àǹtí kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà jù mí lọ ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bọ̀wọ̀ fún àǹtí yìí, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ wọn dín kù. Wọ́n ní mọ́tò tó tó mílíọ̀nù méjìlá náírà, tí ẹni tó ni ín bá fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì tó kó gbogbo nǹkan pọ̀, kò gbọ́dọ̀ san ohun tó dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó mọ́tò náà, ìyẹn 600,000. Kọmíṣọ̀n ẹ̀ jẹ́ 75,000. Ìwé third party ogójì ló tó ìyẹn. "Gbogbo ọjọ́ tó o bá fi sáré fún 1,875," wọ́n ní, "ẹni tó ń gbé 75,000 bọ̀ ń wá ẹ kò rí ẹ. Kíléèmù ní òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù lórí ẹ̀. Ìwọ kì í gba owó oṣù. Fún obìnrin yẹn ní nọ́ńbà ọ́fíìsì, kó máa pè wọ́n."

Kò sí irọ́ nínú ìṣirò yẹn. Èmi náà ní ọmọ méjì nílé ìwé. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbà fún wọn lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ìwà rere, ìtìjú ni. Mo ń rí ojú Ìyá Elélùbọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìwé ẹ̀rí tó jáde: lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọ̀gá kò sí, lọ́jọ́ kejì íńkì ìtẹ̀wé tán, lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní ká ṣe dáadáa fún àwọn tó bá wa wá fáìlì. Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù kíléèmù. Mo bi Ìyá Elélùbọ́ ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, mo kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo sì kà á padà fún wọn.

Ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Ọ̀jọ́ọ̀ la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Panẹ́lì-bítà tí oníjíp mú wá wo jíp, ó wo Sienna tiwa náà, ó wá fà wá sẹ́yìn ọkọ̀ kan. Ó ní òun lè kọ iye tó máa kó bónẹ́ẹ̀tì àti iná Sienna mọ́ ti jíp, ilé-iṣẹ́ kò ní mọ̀, oníjíp náà kò sì ní janpata. Inú Ìyá Elélùbọ́ dùn. Lójú tiwọn, Ọlọ́run ló rán an. Ọdọọdún ni wọ́n ti ń san owó ìnṣọ́ránsì, tòótọ́ àti ayédèrú, wọn ò sì tíì jẹ nǹkan kan níbẹ̀ rí.

Mo ní rárá. Mo ní tí ẹni tó ń wo òfò bá dé, tó rí i pé iye kò bá ohun tó bà jẹ́ mu, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ da gbogbo kíléèmù nù, 650,000 á sì kù sọ́rùn àwọn nìkan. Òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ìyókù ẹ̀ ni pé jìbìtì ni, orúkọ mi ló sì wà lórí ìwé. Wọ́n bínú. "Ìrànlọ́wọ́ wo wá ni o ń ṣe?" Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko wọn ò gbé ìpè mi. Ọmọọṣẹ́ wọn ló ń dáhùn pé màmá ò sí nítòsí.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n rò látìbẹ̀rẹ̀ pé third party á tún Sienna ṣe. Mo tún rántí ìbéèrè tí wọ́n bi mí lọ́jà. Ẹni tó mọ̀ láti oṣù Kejì pé mọ́tò òun kò sí nínú ìwé kò ní í wo panẹ́lì-bítà yẹn bí ańgẹ́lì.

Ẹni tó ń wo òfò dé ní oṣù Keje. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yẹ jíp wò, ó yẹ Sienna wò, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo tó já mi láyà: "Kí lẹ ń fi mọ́tò yìí ṣe?" Ìyá Elélùbọ́ ní àwọn fi ń kó àpò èlùbọ́ wá sọ́jà láràárọ̀ ni. Àṣé mọ́tò àdáni ni mo kọ sórí ìwé, 15,000, nígbà tó jẹ́ pé ìpín mìíràn wà fún mọ́tò tí èèyàn fi ń kó ọjà ara ẹ̀. 20,000 ni tiẹ̀, mílíọ̀nù márùn-ún sì ni ilé-iṣẹ́ lè san níbẹ̀. Mo rí àwọn àpò nínú Sienna yẹn lọ́jọ́ tí mo tà á. Mi ò bèèrè. Ọkùnrin náà tún bi wọ́n bóyá ẹrù wà nínú mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní rárá, àwọn àti ọmọọṣẹ́ nìkan ni, wọ́n ti tà á tán. Fọ́tò tí mo yà ní àgọ́ ọlọ́pàá fi hàn pé àga nìkan ló wà níbẹ̀. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó lọ. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

410,000 náírà ló díye lé ohun tó bà jẹ́ lára jíp. Fáìlì wá jókòó. Ní oṣù Kẹjọ tí ìròyìn jáde pé Ààrẹ Tinubu ti buwọ́ lu òfin tuntun lórí iṣẹ́ adójútòfò, gbogbo ẹnu ní ọ́fíìsì ń sọ̀rọ̀ òfin, fáìlì Ìyá Elélùbọ́ sì wà lábẹ́ fáìlì mìíràn. Ọjọ́ Monday kọ̀ọ̀kan ni mo ń lọ sí Dùgbẹ̀ láti lọ jókòó síwájú ọmọbìnrin kíléèmù yẹn, mi ò ní pariwo, mi ò ní bínú, mo kàn ń jókòó. Mo tún kọ lẹ́tà ojú ìwé kan, mo ṣàlàyé pé obìnrin náà kò mọ̀wé, pé wọ́n tẹ̀ka sí ìwé náà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti pé ejẹ́ntì wọn, ìyẹn èmi, kò ka májẹ̀mú yẹn fún wọn nígbà tó tà á. Àǹtí wa ní òmùgọ̀ nìkan ló ń kọ irú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sí ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí oṣù Kẹsàn-án tó tán ni wọ́n san 410,000 fún oníjíp, òun náà sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́.

Àmọ́ àtàǹpàkò ọjọ́ yẹn ṣì wà lórí bébà. Oníjíp ní 650,000 ni wọ́n bá òun ṣe, kì í ṣe 410,000. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Tí a bá yọ 50,000 alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, 190,000 ló kù. Ìyá Elélùbọ́ san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kọ́bọ̀ kan kò sì ti inú ìnṣọ́ránsì wá. Wọ́n fi tiwọn tún bónẹ́ẹ̀tì Sienna ṣe. Iná iwájú kan kò tíì bá ìkejì mu títí di òní.

Mo kọ ohun tí mo ná sẹ́yìn ìwé kan: ọ̀kadà, takisí Máíkírà, ẹ̀dà ìwé, káàdì ìpè, àti "ṣe dáadáa" ti àgọ́ ọlọ́pàá. 23,400 náírà. Nígbà tí Ìyá Elélùbọ́ gbọ́, wọ́n di kóńgò èlùbọ́ mẹ́wàá fún mi. Mo gbà á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kò yẹ kí n gbà á. Mi ò rí ohun tó burú nínú kí ìyá fún èèyàn ní èlùbọ́, kìkì tó bá jẹ́ pé kì í ṣe òun lèèyàn ń wò kó tó ṣiṣẹ́.

Tí wọ́n bá wá bi mí pé ṣé ó yẹ kí ejẹ́ntì ran oníbàárà 1,875 lọ́wọ́, èmi á ní àǹtí wa jàre lórí ẹsẹ̀, wọn ò jàre lórí ẹnu. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ẹsẹ̀ sáré fún oníbàárà mọ́kànlélọ́gbọ̀n bí mo ṣe sáré fún ẹyọ kan yìí, ebi á pa á. Tí wọ́n bá tún mú mi lọ sí oṣù Kẹfà yẹn, bóyá nọ́ńbà ọ́fíìsì ni màá fún wọn lóòótọ́. Àmọ́ sísọ̀rọ̀ kò ná mi ní ọ̀kadà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni lọ́jọ́ títà: kí ni ẹ ń fi mọ́tò yìí ṣe, ti ẹlòmíràn ni ìwé yìí ń tún ṣe kì í ṣe tiyín, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ẹ má tẹ̀ka síbì kankan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn wà nínú 1,875. Èmi ni mo fi pamọ́, tí mo fi ta ìwé méjì sí i. Ẹni tí mo fi pamọ́ fún ló san 240,000 lé e.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìwé náà parí, ní ọdún 2026, mo pe Ìyá Elélùbọ́. Orúkọ wọn gan-an ló ti wà lórí fóònù mi báyìí. Wọ́n ní kí n ka gbogbo ìwé náà fún àwọn ní Yorùbá, láti òkè délẹ̀, kí n má fo ìlà kan. Mo kà á. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni. Wọ́n ń dá mi dúró, wọ́n ń béèrè, wọ́n ń ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn tó wà ní Èkó ti sọ pé òun á rà á fún àwọn lórí fóònù lọ́dún yìí, kí àwọn má bàa yọ mí lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n tún pè. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ náà láti inú fóònù kejì tí wọ́n gbé sí gbohùngbohùn: "Mọ̀ọ́mì, èwo ni kí n tẹ̀? Private ni àbí own goods?"

"Own goods ni," mo ní. "20,000."

"Ó ti wọlé," ni ọmọ náà wí. Ìyá Elélùbọ́ ní Ọlọ́run á bùkún mi, wọ́n sì pa fóònù.